Ìgò lọ́fínńdà: ọrùn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Bí ènìyàn bá gbé ìgò lọ́fínńdà lọ́wọ́, ara gíláàsì àti ọmọrí rẹ̀ lojú ń kọ́kọ́ bá, torí àwọn ni wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n bóyá lọ́fínńdà yóò pẹ́ nínú ìgò yẹn, bóyá yóò fín dáadáa, bóyá yóò jò sínú báàgì, kò sí lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ibi tí kò fẹ̀ ju àtàǹpàkò lọ ni gbogbo rẹ̀ wà: ọrùn ìgò, àti àwọn nǹkan kéékèèké tí wọ́n kó pamọ́ sábẹ́ òrùka tó ń dán níbẹ̀. Ọrùn yìí ni mo fẹ́ ká pẹ́ sí. Ẹ jẹ́ ká tètè sọ ti gíláàsì ná.

Gíláàsì ìgò lọ́fínńdà kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ojú fèrèsé. Iyanrìn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó lé díẹ̀ ní ìdá 70 nínú 100, ìyókù sì jẹ́ sódà àti òkúta ẹfun. Inú ìléru tó gbóná tó nǹkan bí 1,500 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n ti ń yọ́ wọn pọ̀. Kìkì pé iyanrìn ti lọ́fínńdà gbọ́dọ̀ mọ́ gan-an: ìwọ̀nba irin díẹ̀ tó bá wà nínú rẹ̀ ló máa ń jẹ́ kí gíláàsì fi àwọ̀ ewé hàn. Ẹ gbé ìgò náà síwájú ìwé funfun, kí ẹ wo ìdí rẹ̀ tó nípọn láti ẹ̀gbẹ́. Bí àwọ̀ ewé bá wà, ibẹ̀ ni yóò ti hàn.

Mọ́ọ̀dù alápá méjì ni wọ́n fi ń fẹ́ ìgò, ìdí nìyẹn tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ fi máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Níbi tí wọ́n bá ti fara balẹ̀, wọ́n á fi iná pa ìlà yẹn títí ọwọ́ kò fi ní mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn èyí, ìgò gbọ́dọ̀ tutù díẹ̀díẹ̀ nínú ààrò gígùn kan. Bí wọ́n bá kánjú tutù ú, ara rẹ̀ yóò máa fa ara rẹ̀ lójú méjì, yóò sì lè là lójijì lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e láti ibi tútù lọ síbi gbígbóná, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jù ú sílẹ̀. Bí ìgò bá ní igun mẹ́rin, igun ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Gíláàsì tó ń yọ́ ní láti nà jìnnà kó tó dé igun, bó sì ti ń nà ló ń fẹ́lẹ́. Ìgò tí ìdí rẹ̀ nípọn bí ìka lè jẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní èjìká.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń rọ lọ́fínńdà fúnra wọn sábà máa ń gbójú fò. Ìgò tí wọ́n kọ 100 mílílítà sí lára kò gbọ́dọ̀ kún dé ẹnu nígbà tí 100 mílílítà bá wà nínú rẹ̀. Sípíríìtì ni ó pọ̀ jù nínú lọ́fínńdà, sípíríìtì sì máa ń wú bí ooru bá mú un, ó ń fi bí ìdá 1.1 nínú 100 lé sí i fún gbogbo díígíríì 10. Bí ẹ bá rọ 100 mílílítà sínú ìgò ní yàrá tó wà ní díígíríì 20, tí ẹ wá gbé e sínú mọ́tò tí oòrùn pa dé 45, ohun tó wà nínú rẹ̀ yóò ti fi nǹkan bíi mílílítà 2.7 pọ̀ sí i. Bí kò bá sí àyè tó ṣófo lókè, wáṣà ọrùn, ìyẹn rọ́bà pẹlẹbẹ tó di ẹnu ìgò pa, ni ohun tó wú yìí yóò máa tì, ibẹ̀ ni yóò sì gbà jáde. Nítorí náà, ẹ dúró ní ìsàlẹ̀ èjìká, kí ẹ fi ó kéré tán ìdá 3 sí 5 nínú 100 sílẹ̀ láìrọ. Ẹ má sì fi sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí afẹ́fẹ́ tó bá wà lókè ló ń ba òórùn àwọn òróró bí ti ọsàn jẹ́ nígbà tó bá yá.

Ọrùn

Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe ọrùn ìgò: 13, 15, 18 àti 20. Mílímítà ni nọ́ńbà yìí, ó sì ń sọ bí òrùka etí ọrùn ṣe fẹ̀ tó. Lẹ́tà FEA tí ẹ máa ń rí níwájú rẹ̀ jẹ́ ti ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ aerosol (agolo tó ń fín nǹkan) ilẹ̀ Yúróòpù tó fi ìwọ̀n náà lélẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù fún ìgò 30 dé 100 mílílítà ni 15. Ìgò kékeré ni 13 bá mu. Ẹni tó bá ra ìgò ọrùn 15 tó wá ra pọ́ǹpù 18 ti fowó ṣòfò, torí kò sí bí ẹ ṣe lè fún un tí yóò fi di. Nítorí náà, kí ẹ tó ra pọ́ǹpù kankan, ẹ wọn etí ọrùn náà láti ìta dé ìta. Inú ihò kọ́ ni kí ẹ wọ̀n.

Oríṣi ọrùn méjì ló wà. Èkíní ní ìlà yíyí bí ti síkúrúù, ẹ lè ṣí i, kí ẹ tún rọ nǹkan sí i, kí ẹ sì tún dé e. Èkejì kò ní ìlà kankan. Etí róbótó kan ṣoṣo ló yọ síta lókè rẹ̀, wọ́n á wá fún òrùka páànù alumíníọ̀mù mọ́ ọn lábẹ́ etí náà, bí ìgbà tí ènìyàn bá so okùn mọ́ ọrùn kèrègbè. Ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí ni ilé iṣẹ́ ńláńlá fẹ́ràn, ó sì nídìí. Àfúnmọ́ máa ń di pinpin, ìdì rẹ̀ kì í tú nítorí jíjì ọkọ̀ tàbí nítorí ọwọ́ tó ń yí i, kò sì sí ẹni tó lè ṣí i kó tún dé e kí àpá rẹ̀ má hàn. Àbùkù rẹ̀ ni pé bí lọ́fínńdà bá tán, ìgò náà tán nìyẹn. Lójú tèmi, ọrùn síkúrúù tí wọ́n ṣe dáadáa ló yẹ kó wà lórí ìgò olówó iyebíye, torí ìgò tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní ohun tí à ń jù sínú pàǹtírí.

Wáṣà wà láàárín etí gíláàsì àti òrùka páànù. Kò nípọn ju mílímítà kan tàbí méjì lọ, òun gan-an ló sì di lọ́fínńdà mú. Kò sí ẹni tó ń rí i, kò sì sí ẹni tó ń yìn ín. Bí wọ́n bá fi rọ́bà tí kò tọ́ ṣe é, òróró inú lọ́fínńdà yóò máa wọ inú rẹ̀, yóò wú, yóò rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ á sì máa ṣí sínú lọ́fínńdà. Bí ẹ bá rí lọ́fínńdà tó ń pọ́n tàbí tó ń dúdú láti òkè wá sísàlẹ̀, tí ti àárín ìgò ṣì mọ́, wáṣà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Inú pọ́ǹpù

Pọ́ǹpù jẹ́ yàrá kékeré kan tí wọ́n fi ike ṣe, tó rọ̀ sínú ọrùn ìgò. Ní ìsàlẹ̀ yàrá yìí ni ọmọ róbótó kan wà, ti irin tí kì í dípata tàbí ti gíláàsì, tó jókòó lórí ihò tí lọ́fínńdà ń gbà wọlé. Sípíríǹgì wà lókè rẹ̀, písítìnì wà lókè sípíríǹgì, orí písítìnì sì ni ọ̀pá kúkúrú tó yọ síta wà, èyí tí bọ́tìnì títẹ̀ ń jókòó lé. Tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì, písítìnì á sọ̀kalẹ̀, yàrá á há, ọmọ róbótó á lẹ̀ mọ́ ihò ìsàlẹ̀ pinpin, lọ́fínńdà kò sì ní ọ̀nà mìíràn bí kò ṣe òkè. Tí ẹ bá gbé ìka kúrò, sípíríǹgì á ti písítìnì padà, yàrá á fẹ̀, ọmọ róbótó á gbéra, lọ́fínńdà mìíràn á sì gòkè wá kún àyè náà.

Pọ́ǹpù tó dára kì í ṣí ọ̀nà òkè ní kété tí ìka bá kàn án. Ó máa ń dúró dìgbà tí agbára inú yàrá bá tó kó tó jẹ́ kí ohunkóhun jáde. Ìdí nìyẹn tí ìrì fi ń jáde bákan náà yálà ẹ tẹ̀ ẹ́ kíá tàbí ẹ rọra tẹ̀ ẹ́. Ẹ lè fi èyí dán pọ́ǹpù wò láìtú u: ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹ bá ti lè rọra tó. Bí lọ́fínńdà bá kàn ń kán tótó sórí bọ́tìnì, tàbí tó ń ṣàn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pọ́ǹpù náà kò dára, bó ti wù kí ìgò rẹ̀ rẹwà tó.

Ìwọ̀n tí pọ́ǹpù ń gbé jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo máa ń wà láàárín mílílítà 0.05 àti 0.14. Èyí tó wọ́pọ̀ sún mọ́ 0.1. Ìyẹn ni pé ìgò 50 mílílítà yóò fín bí ìgbà 500, ti 100 yóò sì fín bí ìgbà 1,000. Ẹni tó ń fín ìgbà mẹ́rin lójúmọ́ yóò lo ìgò 50 fún oṣù mẹ́rin. Bí tiyín bá tètè tán ju àkókò tó yẹ kó lò lọ, tí ẹ kò sì fín jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kí pọ́ǹpù yín máa gbé ju 0.1 lọ, tàbí kí ọrùn máa jò. Òṣùwọ̀n kékeré ilé ìdáná yóò sọ èyí tó jẹ́: ẹ wọn ìgò náà lálẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì láìfín in, kí ẹ tún un wọ̀n.

Afẹ́fẹ́ náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Iye tó bá jáde nínú ìgò, afẹ́fẹ́ tó tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé dípò rẹ̀. Bí kò bá rí ọ̀nà wọlé, inú ìgò á máa fà sẹ́yìn bí ẹnu tó ń mu nǹkan, lọ́fínńdà kò sì ní gòkè mọ́. Ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù tó ń ṣí nígbà tí písítìnì bá wà nísàlẹ̀, tó sì ń padà tì nígbà tó bá gòkè. Bí oje òróró tó ti gbẹ bá dí ọ̀nà yìí, àmì rẹ̀ kì í ṣòro dá mọ̀: pọ́ǹpù á fín dáadáa fún ìgbà mẹ́wàá tàbí ogún, á wá rẹ̀wẹ̀sì, á dákẹ́, bó bá sì di ọjọ́ kejì á tún fín. Bọ́tìnì kọ́ ni àìsàn irú èyí wà, ẹ má wulẹ̀ fi àkókò ṣòfò lórí fífọ̀ ọ́.

Nípa ọ̀pá oníhò tó rọ̀ sísàlẹ̀, tí lọ́fínńdà ń gbà gòkè dé pọ́ǹpù, ike ni wọ́n fi ń ṣe é, polyethylene tàbí polypropylene. Àwọn kan wà tí ẹ kò ní rí rárá bí lọ́fínńdà bá bò wọ́n mọ́lẹ̀. Wọn kì í ṣe idán. Ike oní-fluorine ni wọ́n fi ṣe wọ́n, bó sì ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ sún mọ́ bí sípíríìtì ṣe ń tẹ̀ ẹ́, tó fi jẹ́ pé ojú kò rí ààlà wọn mọ́. Gígùn ọ̀pá ṣe pàtàkì ju pé kó fara hàn tàbí kó má fara hàn lọ. Ìdí ìgò púpọ̀ máa ń yọ sókè ní àárín láti inú, bíi òkìtì kékeré, lọ́fínńdà tó ṣẹ́kù á sì kó sí igun. Nítorí náà ọ̀pá gbọ́dọ̀ gùn díẹ̀ ju láti ẹnu dé ìdí lọ, kó lè rọra tẹ̀ lọ sí igun kan. Orí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dà bí abẹ́, tàbí kí wọ́n gé e bí ìrù ẹja. Bí ẹ bá gé e gbọọrọ, tó sì fara tì gíláàsì, ẹnu rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn, kò ní fa nǹkan kan. Bó bá kúrú ju bó ti yẹ lọ, mílílítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin yóò wà nísàlẹ̀ tí ẹ kò ní lè lò. Ẹ tún rántí pé ọ̀pá máa ń wú díẹ̀ nínú sípíríìtì, ó sì máa ń gùn sí i. Èyí tó bá gígùn mu rẹ́gí lọ́jọ́ tí ẹ gé e lè ti ká kò nígbà tí oṣù kan bá fi kọjá.

Bọ́tìnì

Ìrì kì í tinú pọ́ǹpù wá. Lọ́fínńdà lásán ni pọ́ǹpù ń tì jáde. Ohun tó ń sọ ọ́ di ìrì ni ike kóńkóló kan tí wọ́n tẹ̀ bọ ojú bọ́tìnì, tó ní ihò tí ẹnu rẹ̀ kò ju bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá mílímítà kan lọ. Ní ẹ̀yìn ihò yìí ni wọ́n gbẹ́ ojú ọ̀nà kéékèèké sí, tí wọn kò tọ́ka sí àárín gan-an, wọ́n yà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Lọ́fínńdà tó bá gba inú wọn á máa yí bírí bí ìjì kó tó dé ihò, bó bá sì ti jáde báyìí yóò fẹ̀ bí agbòòrùn, yóò tú ká. Bí ọ̀kan nínú àwọn ojú ọ̀nà yìí bá dí, ìrì á fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ike náà bá jábọ́, lọ́fínńdà á máa ta bí omi ìbọn ọmọdé.

Dídí ló wọ́pọ̀ jù, pàápàá lára lọ́fínńdà tó kún fún oje igi àti fanílà, àti lára ìgò tí wọ́n ti gbàgbé fún oṣù mélòó kan. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un! Ike rírọ̀ ni, abẹ́rẹ́ á fẹ ihò náà, ìrì á di ẹ̀kán láéláé. Ẹ fa bọ́tìnì náà sókè gbọọrọ, kì í ṣe sí ẹ̀gbẹ́, torí bí ẹ bá yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá pọ́ǹpù lè kán. Ẹ rẹ ẹ́ sínú sípíríìtì tí ẹ fi ife kékeré bù fún ìṣẹ́jú 15. Bí kò bá sí sípíríìtì, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ọwọ́ lè gbà ni kí ẹ lò, ṣùgbọ́n kí bọ́tìnì gbẹ dáadáa kó tó padà sórí ìgò. Nígbà tó bá wà lórí rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ìnuwọ́ ní ìgbà márùn-ún. Bí kò bá ṣí, ẹ tún un rẹ. Àtúnṣe ẹ̀ẹ̀kejì máa ń tó.

Ìgò tuntun tí kò fín lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ ṣí i kò bàjẹ́. Afẹ́fẹ́ ló kún ọ̀pá àti yàrá pọ́ǹpù, ìgbà márùn-ún sí mẹ́wàá ni ẹ ní láti tẹ̀ ẹ́ kí lọ́fínńdà tó gòkè. Ẹ tẹ̀ ẹ́ débi tó lè dé, kí ẹ jẹ́ kó padà sókè tán kí ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́. Títẹ̀ ní ìdajì ìdajì kò lè lé afẹ́fẹ́ náà jáde.

Òrùka tó ń dán ní ọrùn àti ọmọrí ló kù lókè. Òrùka yẹn kì í di nǹkan kan mú, ó kàn ń bo páànù tí wọ́n fún mọ́lẹ̀ ni. Bí ó bá ń yí lọ́wọ́ yín, kò túmọ̀ sí pé ìgò ń jò. Ọmọrí náà kì í dá lọ́fínńdà dúró, pọ́ǹpù ti dá a dúró kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ọmọrí ìgò rẹ̀ sọnù kò nílò láti kánjú lo lọ́fínńdà tán. Iṣẹ́ ọmọrí ni kó má jẹ́ kí eruku wọ ihò, kó má sì jẹ́ kí nǹkan tẹ bọ́tìnì nínú báàgì. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọmọrí gbé ìgò. Ike kékeré kan nínú rẹ̀ ló fi di òrùka mú, bí ó bá sì ti lò díẹ̀, dídì rẹ̀ á dẹ̀. Ọmọrí irin tó wúwo á wà lọ́wọ́ yín, ìgò á sì wà nílẹ̀.

Ike ọmọrí náà ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń ṣe lọ́fínńdà. Sípíríìtì máa ń jẹ́ kí akírílíkì tó mọ́ bíi gíláàsì sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Polystyrene náà kì í fara da òróró lọ́fínńdà. Ibi tí ẹ̀kán lọ́fínńdà bá lè kàn nínú ọmọrí, polypropylene ni kó wà níbẹ̀.

Àwọn tí kò ní pọ́ǹpù

Kí pọ́ǹpù tó dé, èdídí gíláàsì ni wọ́n fi ń dé ìgò lọ́fínńdà, wọ́n á lọ̀ ọ́ mọ́ ẹnu ìgò títí ojú méjèèjì á fi bá ara wọn mu. Torí náà èdídí ìgò kan kì í bá òmíràn mu, ó dà bí kọ́kọ́rọ́ àti ilé rẹ̀. Ìlọ̀ nìkan kò sì tó: lọ́fínńdà á máa gba àárín ojú méjèèjì jáde díẹ̀díẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní ilẹ̀ Faransé máa ń na awọ ìfun màlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo èdídí náà, wọ́n á wá fi òwú so ó mọ́ ọrùn. Bí èdídí bá lẹ̀, tí kò ṣeé yọ, ẹ kán òróró ẹyọ kan sí etí rẹ̀, ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú omi gbígbóná yí ọrùn ìgò ká fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ fi igi kékeré lù ú pẹ̀lẹ́ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí ẹ tó rọra yí i. Ọrùn ni kó gbóná, kí èdídí má gbóná. Bí àwọn méjèèjì bá jọ wú, ẹ kò ṣe nǹkan kan.

Ìgò oní-ìtẹ̀ rọ́bà, tó ní báálùùnù kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, jẹ yọ láti ara ohun tí dókítà kan ní Toledo ní Amẹ́ríkà, Allen DeVilbiss, ṣe ní ìparí àwọn ọdún 1880 láti fi fín oògùn sí ọ̀nà ọ̀fun. Afẹ́fẹ́ tó sáré kọjá lórí ọ̀pá ló ń fa lọ́fínńdà sókè. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ tọ̀sán-tòru, sípíríìtì á sì máa gbẹ lọ. Ìwọ̀nba tí ẹ máa lò láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni kí ẹ máa rọ sínú rẹ̀.

Lọ́fínńdà olóròóró tí kò ní sípíríìtì kì í gba inú pọ́ǹpù, ó ki jù fún ihò tín-ín-rín yẹn. Ìgò oníbọ́ọ̀lù yíyí, mílílítà 3 sí 10, ni ilé rẹ̀. Bọ́ọ̀lù irin ló dára jù, torí ó wúwo, ó sì ń yí geere. Bí òróró bá ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ike tó gbé bọ́ọ̀lù náà ti wọlé tán. Ó gbọ́dọ̀ dún kọ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ wọ ọrùn.

Bí ẹ bá fẹ́ rọ lọ́fínńdà sínú ìgò mìíràn

Ọrùn síkúrúù ni kí ẹ lò bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ ìfúnmọ́. Ẹ̀mú lásán kì í fún òrùka páànù yíká lọ́gbọọgba, ẹ̀gbẹ́ kan á há, ẹ̀gbẹ́ kejì á sì máa jò. Ẹ má sì gbìyànjú láti fi ẹ̀mú ṣí àfúnmọ́. Etí gíláàsì tó wà lábẹ́ páànù yẹn máa ń ṣán, ẹ̀ṣán rẹ̀ á bọ́ sínú lọ́fínńdà, ojú kò sì ní rí i. Ohun tó dára jù fún ìgò àfúnmọ́ ni ìgò ìrìnàjò tó ní ẹnu tí lọ́fínńdà ń gbà wọlé ní ìdí. Ẹ fa bọ́tìnì ìgò ńlá kúrò, ẹ gbé ẹnu náà lé ọ̀pá pọ́ǹpù tó yọ síta, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ sókè sódò. Bí pọ́ǹpù bá ń gbé mílílítà 0.1, ìgbà 50 ni yóò kún mílílítà 5. Bí lọ́fínńdà bá ń tú jáde ní ìdí, ìgò méjèèjì kò dúró ṣánṣán lórí ara wọn, tàbí kí ìgò kékeré ti kún.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rọ ọ́ tán, ẹ fi ìgò lélẹ̀ ní ìbúlẹ̀ sórí ìwé ìnuwọ́ funfun fún wákàtí 24, níbi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́. Ojú ìwé tó bá ní àpá òróró ń sọ pé wáṣà kò jókòó dáadáa tàbí pé ẹ kò yí síkúrúù tó. Síbẹ̀ ẹ má fi agbára yí i jù, torí wáṣà tó bá tẹ̀ kọjá ibi tó yẹ máa ń fọ́n síta, kì í sì í padà sípò.

Bí ìgò tí ẹ fẹ́ tún lò bá ní òórùn àtijọ́, ẹ da sípíríìtì mílílítà 5 sí i, ẹ mì í, ẹ fín sípíríìtì náà gba inú pọ́ǹpù ní ìgbà ogún, ẹ dà á nù, kí ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Gíláàsì á mọ́. Wáṣà àti ọ̀pá lè má mọ́ rárá, torí òróró ti wọ inú wọn, nítorí náà pọ́ǹpù tuntun ló dára fún lọ́fínńdà tuntun. Bí ẹ bá sì fi omi fọ ìgò náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ ní ìdojúdé fún ọjọ́ méjì, kí ẹ fi sípíríìtì díẹ̀ ṣàn án kẹ́yìn. Omi tó bá ṣẹ́kù sí ìdí ìgò máa ń mú kí òróró yapa kúrò nínú sípíríìtì, lọ́fínńdà tó mọ́ gaara á sì dojú rú bí omi ògì.